Ẹni Tó Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Peckham



Lẹ́tà ìwádìí ìlera ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Ó ń wọlé sí ojúlé wa, ọ̀pọ̀ wa a sì jù ú nù láì tú u. Ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe?"

Ìbéèrè gidi ni. Kí iṣẹ́ HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tó gba ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́kọ́ jókòó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Ènìyàn 90 ni wọ́n lò, 30 ìdílé: bàbá, ìyá àti ọmọ. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ Coriell ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣí àbájáde rẹ̀ sílẹ̀ fún onímọ̀ gbogbo àgbáyé.

Èrè wo ló wà níbẹ̀? Ní 2010, àwọn tí ń wá ìdí àrùn kíndìnrín láàárín àwọn dúdú Amẹ́ríkà wo inú àkójọ tí àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí àbùdá tí wọ́n ń pè ní APOL1. Ẹni tí ó bá jogún irú rẹ̀ tí ó léwu lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ ga. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà fún iṣẹ́ kan, tí a tọ́jú dáadáa, ló ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ wá wo ìhín. UK Biobank kó 500,000 ènìyàn jọ láàárín 2006 sí 2010. Àwọn dúdú inú wọn kò tó 2 nínú 100. Ṣé oògùn tí wọ́n bá fi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ wá yóò mọ ara tiwa?

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ síwèé lójú oorun. Ẹ béèrè: Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ṣé wọn yóò yọ orúkọ wa kúrò? Ta ni wọ́n lè fún? Bí a bá yí ọkàn padà ńkọ́? Láti 2018, ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n lo ìwé ìlera rẹ̀ ní NHS fún ìwádìí lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní dí ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ tú lẹ́tà náà. Ẹ kà á fún àwọn àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a óò gbà, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìmọ̀. Bí a óò kọ̀, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìmọ̀.