Aago Oníná àti Àkókò Àjọní

Inú agogo ni èdè wa ti fa aago yọ. Bí akéde bá lu agogo, kì í ṣe etí ẹnì kan ló ń gbọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé iná mànàmáná ló dá iṣẹ́ agogo yìí padà fún aago: ó sọ àkókò di ohun àjọní.

Láyé àtijọ́, oòrùn ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú náà ń tẹ̀ lé. Bristol fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 wà lẹ́yìn London. Nígbà tí rélùwéè dé, wọ́n fi ọwọ́ ìṣẹ́jú méjì sára aago Corn Exchange ní Bristol, ọ̀kan fún ìlú, ọ̀kan fún London. Inú ìdààmú yẹn ni Alexander Bain bọ́ sí, ọmọ àgbẹ̀ láti Caithness ní Scotland, tó kọ́ṣẹ́ aago ní Wick. Òun àti John Barwise gba ìwé-àṣẹ fún aago oníná ní 1841. Nínú àwọn aago tí Bain ṣe, wáyà bàbà tó wé rìbìtì ni orí péńdúlọ́ọ̀mù, ó sì ń fì kọjá lára irin òòfà. Bó ṣe ń fì ló ń já iná tó sì ń so ó padà, kí òòfà lè máa tì í díẹ̀díẹ̀. Síńkì àti bàbà tó rì mọ́ ilẹ̀ tútù ni iná náà ti ń wá. Ẹwà rẹ̀ hàn sójú. Ṣùgbọ́n inú wáyà ni agbára rẹ̀ wà, nítorí aago kan lè darí ọ̀pọ̀. Ní 1852, Charles Shepherd gbé aago àgbà sí ilé ìwòràwọ̀ Greenwich, ó sì fi wáyà so ó mọ́ aago ẹnu ọ̀nà, olójú wákàtí 24, tí ọwọ́ wákàtí rẹ̀ máa ń kọjú sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Ẹnì kan lè sọ pé aago oníná ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé, pé bátìrì ń rẹ̀, ojú ìsopọ̀ iná ń dọ̀tí, aago onírin dáadáa sì ń ṣe déédéé jù ú lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aago onírin, bó ti wù kó péye tó, ara rẹ̀ nìkan ló ń sọ fún. Bí àwọn aago oníná ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ náà ló sì mú ìpéye wá níkẹyìn. Ní 1921, William Shortt fi péńdúlọ́ọ̀mù sínú ọ̀pá bàbà tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó gbé iṣẹ́ kíkà lé aago kejì lọ́wọ́, tó ń mú kí wọ́n ti péńdúlọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 30. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ń yẹ̀ láàárín ọdún.

Àwọn mìíràn á ní àkókò àjọní gba oòrùn lọ́wọ́ ìlú kéékèèké. Mi ò sẹ́ àdánù yẹn; ìgbà tó di 1880 ni òfin Bìrìtìkó sọ àkókò Greenwich di ti gbogbo ìlú. Síbẹ̀, ẹni tí kò lówó ra aago olówó iyebíye lè dúró lẹ́nu ọ̀nà Greenwich, kó wo ojú aago Shepherd, kó sì mọ àkókò kan náà tí onímọ̀ ìràwọ̀ mọ̀. Agogo akéde nìyẹn.