Ìwé Pélébé Tó Ń Bá Ẹrù Lọ

Wọ́n ní kí àwa aládìrẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lónìí. A ò ní sọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, torí a ti sọ ìyẹn títí ẹnu ń ro wá. Ìwé pélébé tí à ń fọwọ́ kọ sínú ẹrù oníbàárà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn wá. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, tó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìtòkú, inú wa dùn, a pa ìwé kíkọ tì. A ti sọ ọ́ lórí fóònù, ó parí náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, a di 30 àdìrẹ, yáàdì márùn-ún márùn-ún, fún oníbàárà wa kan ní Ìlọrin. A gbé e fún dírẹ́bà ní gáréèjì, a sì pe oníbàárà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ṣáà ní òun ti gbọ́. Ẹrù débẹ̀, ó di 26. Dírẹ́bà ní bí wọ́n ṣe gbé e fóun lòun ṣe gbé e débẹ̀. Oníbàárà ní 26 lòun gbọ́ lórí fóònù. Ta ni yóò jẹ́rìí? Ohùn ti bá afẹ́fẹ́ lọ. A bínú, òun náà bínú, a sọ ohun tí kò yẹ kí ẹnu wa sọ. Ọdún méjì gbáko ni kò fi ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Aṣọ mẹ́rin péré o!

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kú. Ojú ń tì wá láti pè é, torí a ò mọ ohùn tí a máa fi bẹ̀rẹ̀. La bá ya ewé kan nínú ìwé ọmọ wa, a fọwọ́ ara wa kọ ọ́ pé: “Àǹtí wa, a gbọ́ nípa Màmá. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Àwa tiyín ní Ìtòkú.” A ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, a fa ìlà sí i. A ò mẹ́nu ba aṣọ mẹ́rin rárá. A fi rán ẹnì kan tó ń lọ sí Ìlọrin.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, a ṣàdédé rí i níwájú ìsọ̀ wa. Ó fa ìwé náà yọ nínú pọ́ọ̀sì, ó ti ká a títí ó fi rọ̀ bí aṣọ. Ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ pọ̀ lórí fóònù òun lásìkò ìsìnkú náà, gbogbo wọn jọra, òun ò sì rántí ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ yẹn ló ra 20.

Láti ìgbà náà, ẹrù wa kì í lọ láìní ìwé nínú. A máa ń kọ ọjọ́, iye aṣọ, iye owó, èyí tó san àti èyí tó kù, orúkọ dírẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀. Iye aṣọ, ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà, kí ẹ tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, torí ó rọrùn láti sọ 1 di 7. Ẹ fi bébà kábọ̀n sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀dà kan kù sílé. Inú ẹrù gan-an ni kẹ́ ẹ fi í sí, nínú ọ̀rá, kì í ṣe ìta. Kí ìkíni sì ṣáájú owó, ẹ jọ̀ọ́! Bó bá jẹ́ gbèsè lẹ fẹ́ bi í, ẹ lẹ ìwé náà pa. Ọ̀kan nínú wa kọ tirẹ̀ sí gbangba, kó tó dé Ìbàdàn, gbogbo èrò ọkọ̀ ti mọ iye tí oníbàárà jẹ.

Ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp pẹ̀lú, a ò kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù ń sọnù, omi sì ń wọ̀ ọ́.

Àwọn ìyá kan ń sọ pé àwọn ò mọ̀wé. Ṣé àwọn ìyá wa àtijọ́ lọ sílé ìwé ni? Wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n sín pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, torí ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, torí ẹ̀jọ ni. Ẹ pe ọmọ yín, kó kọ ohun tẹ́ ẹ bá sọ gẹ́lẹ́, kó má fi gírámà bà á jẹ́. Kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ara yín fa àmì tí ẹ máa ń fi sára ẹrù yín sísàlẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà mọ àmì yẹn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò jókòó lẹ́yìn ìpàdé yìí pẹ̀lú ìwé àti bébà kábọ̀n. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń lọ lọ́la, kó má tíì lọ sílé o.