Awọ Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Tí Ń Sọ Oòrùn Di Iná



Ọ̀pọ̀ nínú pátákó oòrùn tí ẹ ń rí lórí òrùlé, sílíkọ́nì ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ ńlá ni. Kí sílíkọ́nì tó yọ́, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá 1,400 digírì. Lẹ́yìn tí ó bá dì tán ni wọn yóò rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni ń gé iṣu dùńdú.

Ní ọdún 2009, ní ìlú Yokohama ní ilẹ̀ Japan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tsutomu Miyasaka àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Akihiro Kojima, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ohun tí à ń pè ní perovskite ni wọ́n lò, òjé sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí bí a ti ń ṣe é lónìí, ẹ ó rẹ́rìn-ín. A ó yọ́ ọ sínú omi kẹ́míkà, a ó kán an sórí dígí, a ó sì mú dígí náà yí bí òkòtó títí omi náà yóò fi tẹ́ ká orí rẹ̀. Nígbà tí a bá yá a nínú ooru bí 100 digírì, ojú wa ni àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ yóò ti ṣú dùdù. Bí a bá to 100 irú awọ bẹ́ẹ̀ léra, kò ju ìnípọn irun orí kan lọ.

Nínú 100 agbára oòrùn tí ó bà lé ti àkọ́kọ́ yẹn, 3.8 péré ni ó sọ di iná, omi inú rẹ̀ sì tètè jẹ ẹ́ run. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ́ nù. Ní ọdún 2012 a fi ohun líle rọ́pò omi náà, ó sì tó bí 10. Nísinsìnyí ó ti kọjá 26 nínú yàrá ìwádìí. Sílíkọ́nì, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti bí 6 ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1954, lò ju 40 ọdún lọ kí ó tó dé 25.

Ṣùgbọ́n ní tèmi o, kò tíì yẹ kí a máa jó sí ìlù yẹn. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá awọ yìí. Bí ó bá ráyè wọlé, perovskite a tú ká, àwọ̀ ìyeyè a sì padà yọ. Pátákó sílíkọ́nì a máa lo 25 ọdún lórí òrùlé, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, olùwádìí tí ó bá ń yangàn ni mo máa ń bi pé: ǹjẹ́ awọ rẹ lo 1,000 wákàtí nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 85 digírì, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ 85 nínú 100? Ìdánwò tí a ń fún pátákó ọjà nìyẹn. Àwọn kan ń há a sáàárín dígí méjì, wọ́n sì ń lẹ etí rẹ̀ pa. Ìyẹn ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀.

Òjé ńkọ́? Kò pọ̀ nínú ohun tí ó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ọpọlọ ọmọdé, òjò sì lè ṣàn án sílẹ̀ bí dígí bá fọ́. Àwọn tí ó fi tin rọ́pò rẹ̀ rí i pé iná rẹ̀ kò tó ti òjé, afẹ́fẹ́ sì tètè ń bà á jẹ́.

Olóòtú, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: bí pátákó yìí bá kún ọjà, ta ni yóò máa kó èyí tí ó fọ́ kúrò láyìíká ilé?