Ìlara Láàrin Ẹgbẹ́: Ẹ̀kọ́ Lára Iago

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí èyí yóò jẹ́ ká rí púpọ̀ sí i.

Ohun tó máa ń tú ẹgbẹ́ ká ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mi ò ní mú àpẹẹrẹ nílùú yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mò ń bá wí. Eré orí ìtàgé kan tí William Shakespeare kọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ lò. Othello ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe é níwájú Ọba James Kìíní ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 1604. Ó ti lé ní irínwó ọdún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé àná ni.

Othello jẹ́ ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tó ń jagun fún ìlú Venice. Iago ló ń gbé àsíá ogun rẹ̀. Nígbà tí Othello fẹ́ yan igbákejì, Iago gbà pé òun ló kàn, nítorí wọ́n ti jọ jagun káàkiri. Cassio ni Othello yàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Iago kò bínú kúrò. Kò sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ohun tó ṣe dun òun. Ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sìn ín. Gbogbo wọn ló ń pè é ní olóòótọ́: Othello, Cassio, àti Desdemona, ìyàwó Othello. Orúkọ rere yẹn gan-an ló fi ṣe ohun ìjà.

Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù Cyprus, ó rọ Cassio lọ́tí lálẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó máa ṣọ́ ìlú. Cassio jà, Othello gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Iago yìí kan náà ló tún lọ ń tù ú nínú: “Lọ bẹ Desdemona, yóò bá ọ bẹ ọkọ rẹ̀.” Bí Desdemona ti ń bẹ̀bẹ̀ fún Cassio, bẹ́ẹ̀ ni Iago ń jẹ́ kí Othello máa rò pé ẹ̀bẹ̀ náà ní nǹkan nínú. Aṣenibánidárò paraku!

Ẹ wo ọgbọ́n rẹ̀. Kò kọ́kọ́ sọ pé Desdemona ń yan àlè. Ìbéèrè ló ń bi. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á gbé e mì. Ó tilẹ̀ kìlọ̀ fún Othello pé kó ṣọ́ra fún owú. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀: Iago mọ̀ pé àjèjì ni Othello ní Venice, pé ó dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ lọ, pé bàbá ìyàwó sì ti sọ fún un pé ọmọ tó tan bàbá rẹ̀ lè tan ọkọ. Ibẹ̀ ló gbà wọlé. Níkẹyìn, ó gba aṣọ ìnujú Desdemona lọ́wọ́ Emilia, ìyàwó òun fúnra rẹ̀, ó lọ jù ú sí yàrá Cassio. Ó di ẹ̀rí.

Èdè wa ya ìlara sọ́tọ̀ kúrò lára owú. Ìlara ni kí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn máa dunni. Owú ni ìbẹ̀rù pé ẹlòmíràn fẹ́ gba tẹni. Òótọ́ ni pé Iago náà fura sí Emilia àti Othello, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìlara ipò ló kọ́kọ́ gbé e dìde, ó sì fi gbin owú sí ọkàn ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹrù náà lé Iago lórí. Othello kò fìgbà kan pe Cassio àti ìyàwó rẹ̀ jókòó pọ̀ kó bi wọ́n. Ó bi Emilia, Emilia fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró fún Desdemona, kò gbà á gbọ́. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ó pa ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Emilia tú àṣírí aṣọ ìnujú. Iago gún ìyàwó tirẹ̀ pa, Othello pa ara rẹ̀. Cassio tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́ ló wá di olórí Cyprus. Nígbà tí wọ́n bi Iago léèrè ìdí, ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ń yan ìjòyè nínú ẹgbẹ́ yìí. A máa yan ẹnìkan, a máa fi ẹnìkan sílẹ̀. Ẹni tí a fi sílẹ̀, tó bá dùn ún, kó sọ ọ́ ní ìpàdé, kí a sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sì mú ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa wá sọ létí wa lórí fóònù tàbí nídìí ọtí, ìbéèrè kan péré ni ká bi í: “Ṣé o lè sọ ọ́ níṣojú rẹ̀?” Bí kò bá lè sọ ọ́, ká má gbà á. Bí Othello bá bi Iago ní ìbéèrè yẹn ni, bóyá Desdemona ì bá yè.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ikú ilé rí wa gbé ṣe. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Àṣẹ.