Kókó Orí Ewé Ìrókò

Olùkọ́ kan ní Ìkòsí, lẹ́bàá Kétu, gbin ọ̀dọ́ ìrókò mẹ́ta sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀mùnú wọn fi yọ kókó. Kókó là, ó jẹrà, orí igi sì kú. Àwọn aládùúgbò ní Olúwéré ni ó ń bínú. Olùkọ́ wá bi mí léèrè bóyá òótọ́ ni.

Olúwéré kọ́; kòkòrò ni. Phytolyma ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe kantíkantí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú kantíkantí kan wà tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lára ìrẹsì, tí ìrẹsì yóò fi yọ ọ̀pá bí ewé àlùbọ́sà dípò ṣírí. Phytolyma jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa oje ewé mu.

Ara ọ̀mùnú ìrókò ni abo rẹ̀ ń yé sí. Bí ẹyin bá pa, ọmọ rẹ̀ a wọ inú ewé. Ewé a sì wú bò ó. Inú kókó yìí ni ó ti ń jẹ, ibẹ̀ ni ó ti ń mu. Bí ó bá dàgbà, kókó a là, kòkòrò a fò lọ. Èbu a wọ ojú ọgbẹ́, ẹ̀ka a sì kú láti orí wá sí ìsàlẹ̀.

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ìwà ọmọ ni a fi ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ń ṣe é bí a ti wí i gan-an. Ìrókò tí ó ga tó mítà 50 kò bẹ̀rù rẹ̀; ọ̀dọ́ ìrókò ni ó ń pa. Ìdí nìyí tí oko ìrókò fi kùnà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ ni à ń la àgbà ìrókò ní pákó, tí kò sì rí arọ́pò.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ igbó ń ṣa irúgbìn igi tí ó lè fara dà á, wọ́n sì ń gbìn ín mọ́ igi mìíràn. Mo ní kí olùkọ́ wa tún òmíràn gbìn, kí ó fi í sí ìbòòji, kí ó má sì kó wọn pọ̀ sójú kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, bí ìrókò bá tán nígbó, báwo ni ẹ ó ṣe túmọ̀ òwe náà fún ọmọ Kétu tí kò rí igi náà rí? Ó dìgbà.