Eré Ìdárayá Kì Í Ṣe Ti Ọ̀dọ́ Nìkan
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa)

 

Nígbà kan rí, ọ̀dọ́kùnrin nìkan ni ó ni ilé eré ìdárayá. Nígbà tí Jahn ṣí pápá ìdárayá rẹ̀ ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1811, àwọn ọmọkùnrin ni ó ń kọ́. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1992 ni ètò kan ti wà tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn jímù fún àwọn tí ó ti pé ọdún 65.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ni a ń rí ní jímù tí wọ́n ń gbé irin. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún, orí àga ìsọ̀ ni a ń wà láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ dé Òkè Ọya fi ẹsẹ̀ kiri ọjà, wọ́n fi orí ru ẹrù. Wọn kò wá jímù lọ. Àwa jogún ìsọ̀, a kò jogún ìrìn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2024 pé nínú àgbàlagbà 100 ní ayé, 31 ni kò ṣe eré ìdárayá tó ní ọdún 2022. Ní ọdún 2010, 26 ni. Bí ènìyàn bá sì ti kọjá 60 ọdún ni ó túbọ̀ ń burú. Kí ọ̀dọ́ má ṣe rẹ́rìn-ín: nínú àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17, 81 nínú 100 ni kò ṣe é tó.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà àti rọpárọsẹ̀ ń bá ìjókòó rìn. Gbogbo wa ni a mọ owó tí ẹgbẹ́ ń dá bí àìsàn bá dá ọ̀kan nínú wa dúbúlẹ̀ ní àjò, tí a ní láti gbé e lọ sílé.

Ó kéré tán, àgbà nílò ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bí àpẹẹrẹ ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ 5. Ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni ti ọmọdé. Kí ẹni tí ó bá ní àìsàn lára kọ́kọ́ bi dókítà.

Nítorí náà, a bẹ̀bẹ̀ pé kí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ máa ṣí ní àárọ̀ Sátidé, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ eré náà máa darí àwọn àgbà. Owó kankan kò sí níbẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn padà sílé.