Ta Ni Àbúrò? Bí Ìlá Ṣe Di Ìlá Méjì

 

Níbi ìdána kan nínú ẹbí wa, bàbá kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún fi àwàdà sọ pé àbúrò àwọn ni Òkè-Ìlá. Ìyá àgbà mi, ọmọ Òkè-Ìlá, gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni àbúrò?" Ẹran ṣì wà lórí ìrẹsì o! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

Ọmọ ìlú méjèèjì ni mí, ẹnu mi ò sì gbà á. Mo lọ wádìí.

Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, Ajagunńlá, ọmọ Odùduwà, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. Odùduwà fún un ní àdá kan tó ń jẹ́ Ogbó, àdá náà ló sì ń fọ̀nà hàn wọ́n. Ogbó mọ̀nà: wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Ẹ̀yin tí Google Maps ti gbé wọnú oko olóko rí, ẹ rántí àdá yẹn.

Wọ́n dé Ìlá Yàrá, wọ́n tẹ̀dó, ìlú gbòòrò. Aribidesi Usman, awalẹ̀pìtàn, kọ̀wé ní 2004 lórí àwọn odi àtijọ́ apá ìhín. Irú odi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n odi kì í dá ìjà inú ilé dúró. Ọmọ ọba méjì, Arutu àti Apakiimo, du oyè. Ìlú pín. Àwọn ti Arutu tẹ Ìlá-Ọ̀ràngún dó, àwọn ti Apakiimo tẹ Òkè-Ìlá dó. Títí dòní, Ọ̀ràngún ni ọba méjèèjì ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìlú méjèèjì ò jìnnà síra wọn. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lónìí. Ẹ wá gbọ́ orúkọ ti Òkè-Ìlá: Ìfẹ́dayọ̀!

Òyìnbó tún wá fi ààlà tirẹ̀ kún un. Àwọn Ìgbómìnà Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo bọ́ sí Àríwá, wọ́n sì di ara Kwara. Àwa wà ní Ọ̀ṣun.

Mo ti gba ohùn ìyá àgbà sórí fóònù báyìí, nítorí ọjọ́ orí wọn ti lọ. Mo bi wọ́n léèrè, ta gan-an ni ẹ̀gbọ́n? Wọ́n wò mí títí.

"Ẹni tó bá ń pariwo ẹ̀gbọ́n kiri, bi í bóyá ó rí Ìlá Yàrá rí."

Èmi náà ò tíì dé ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bàbá ọjọ́ ìdána yẹn ló máa sọ tiwọn.